Kì í ṣe iye orúkọ ló mú ọ̀rọ̀ yìí le

Ẹ̀yin ará wa ní Tudun Wada àti káàkiri Minna! Ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ tí yóò máa bá wa gba owó ọdẹ ọjà la bá wá. Orúkọ 40 ló wà nílẹ̀, ìjà sì wà láàárín wọn: ẹni yìí jẹ ẹni yẹn lówó, tọ̀hún ní wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù wọ ilẹ̀ òun, àwọn méjì kan ò sì kí ara wọn mọ́ látìgbà ìnáwó kan. Àwọn kan wá ń sọ pé kí a da gbogbo orúkọ náà nù, pé èèyàn ti pọ̀ jù, kò sẹ́ni tó lè tò ó. Àwa ò gbà.

Ohun tí à ń wá ò ju èyí lọ: kí àwọn díẹ̀ yọ, kí ó má sì ku ẹni méjì tó ń bá ara wọn jà nínú àwọn tó ṣẹ́kù. Ìpàdé ti fẹnu kò pé àwọn tó máa yọ ò gbọdọ̀ ju 4 lọ. Ẹ di 4 yẹn mú dáadáa.

Lóòótọ́, irú ìṣòro yìí le. Ní ọdún 1972, Richard Karp ní Amẹ́ríkà kó ìṣòro 21 jọ, ó fi hàn pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn: ẹni tó bá rí ọ̀nà yíyá sí ọ̀kan ti rí i sí gbogbo wọn nìyẹn. Tiwa yìí wà nínú 21 náà. Títí dòní kò sẹ́ni tó rí ọ̀nà yíyá ọ̀hún, kò sì sẹ́ni tó fi hàn pé kò sí. Mílíọ̀nù kan dọ́là ni Clay Mathematics Institute gbé kalẹ̀ ní ọdún 2000 fún ẹni tó bá yanjú ẹ̀. Tí a bá ní ká dán gbogbo bí a ṣe lè pín orúkọ 40 sí ẹni tó yọ àti ẹni tó dúró wò, ó ju tírílíọ̀nù kan lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fẹ́ jókòó sí ìpàdé yẹn?

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tó kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ti là á yé wa. Wọ́n ní Rod Downey tó kọ́ni ní New Zealand àti Michael Fellows, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà mìíràn wá, wọ́n sì kọ ìwé lé e lórí ní ọdún 1999. Wọ́n ní ká má wo iye orúkọ nìkan. Ká wá nọ́ńbà kékeré kan nínú ọ̀rọ̀ náà, ká wò ó bóyá inú ẹ̀ nìkan ni gbogbo líle ọ̀hún sá pamọ́ sí. Tiwa ni 4 yẹn.

Ẹ mú ìjà kan, èyíkéyìí. Nínú àwọn méjì tó ń jà, ó kéré tán ọ̀kan gbọ́dọ̀ yọ. Ẹ kọ́kọ́ yọ ẹni àkọ́kọ́, kí ẹ tún mú ìjà mìíràn tó ṣẹ́kù, kí ẹ ṣe bákan náà. Tí ẹ bá ti yọ èèyàn 4 tí ìjà ṣì kù, ẹ padà sẹ́yìn, kí ẹ yọ ẹnì kejì dípò. Ẹni méjì nígbà àkọ́kọ́, ó di ọ̀nà 4, ó di 8, ó di 16, ó tán. Ojú ìwé kan ló máa gbà, bíró nìkan ló fẹ́. Bí orúkọ bá di 400, ọ̀nà 16 náà ni, àfi pé ìwé ìjà tí a ó máa yẹ̀ wò á gùn sí i. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ máa dán èèyàn mẹ́rin mẹ́rin wò láàárín 40 lè dé ìgbà 91,390.

Ó tún ku ọgbọ́n kan. Ẹni tó bá ń bá èèyàn 5 jà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló máa yọ dandan, torí tí ó bá dúró, àwọn 5 yẹn ni yóò lọ, ìyẹn sì ti kọjá 4. (A mọ irú wọn lọ́jà, a ò dárúkọ.) Tí kò bá wá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí ìjà sì ju 16 lọ, ẹ pa ìwé dé. Èèyàn 4 ò lè parí ẹ̀ láé.

A ò sọ pé ọ̀nà yìí ń wo gbogbo àìsàn o. Àwọn kan ní ká pín gbogbo ẹgbẹ́ sí tábìlì 3 níbi àríyá ìparí ọdún, kí àwọn tó ń jà má bàa jókòó pọ̀. 3 kéré ju 4 lọ, àbí? Àmọ́ kíkéré ẹ̀ ò ràn wá lọ́wọ́: tábìlì 2 rọrùn, tó bá ti di 3 péré, ó ti bọ́ sáàárín àwọn ọmọ ìyá líle yẹn. Ní ti àríyá, kí kálukú jókòó síbi tó wù ú jàre.

Ti ìgbìmọ̀ la ò ní gbà kó lọ bẹ́ẹ̀. Tí a bá da orúkọ 40 nù, ọwọ́ àwọn mélòó kan tó ti ń gba owó náà láti ọjọ́ yìí ló máa padà sí. Àwọn ìyá ọjà àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé wà nínú orúkọ yẹn, tí wọn ò tíì fún láyè rí. Ta ni "ó ti le jù" yìí ń ṣe láǹfààní?

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí kálukú nínú àwọn 40 mú orúkọ àwọn tó ń bá jà wá lórí ìwé pélébé. A ò ní béèrè ìdí. Ẹni tó bá kọ orúkọ márùn-ún, kó má bínú sí wa.