A Kì í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ, Ṣùgbọ́n Kọ̀ǹpútà Kì í Ṣe Ọmọ

Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá iléeṣẹ́ gbé lé kọ̀ǹpútà wọn lórí. Ẹ bi wọ́n léèrè iye kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní, ètò tí ó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ẹni tí ó ń lò ó. Wọn yóò máa wojú ara wọn. Bẹ́ẹ̀ àgbẹ̀ a máa ka ebè rẹ̀, ìyá ọlọ́jà a sì máa ka ẹrù kí ó tó ti ìsọ̀.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, Microsoft gbé àtúnṣe jáde láti dí ihò kan nínú Windows. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, fáírọ́ọ̀sì WannaCry gba ihò náà wọlé. Nínú àjọ 236 tí ń bójú tó ilé ìwòsàn ìjọba níbẹ̀, ó kéré tán 80 ni ó fara kááṣá rẹ̀. A fagi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àdéhùn aláìsàn pẹ̀lú dókítà. Ìkìlọ̀ ti lọ ṣáájú. Ṣùgbọ́n àwọn olùṣàyẹ̀wò owó ìjọba rí i pé iléeṣẹ́ ètò ìlera kò ní ọ̀nà pàtó láti mọ ẹni tí ó ti tẹ̀lé e àti ẹni tí kò tẹ̀lé e.

Àgbà kan náà ni ó ní ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu tí ó ní igba ni òun gbìn, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu irọ́. Iléeṣẹ́ tí ó ra àṣẹ ìlò ọgọ́rùn-ún, tí ó fi ètò náà sórí igba kọ̀ǹpútà, irọ́ ni ó ń jẹ. Èyí tí ó sì ń san owó igba nígbà tí ọgọ́rùn-ún péré ń lò ó, inú odò ni ó ń da owó sí.

Àwọn kan yóò ní ṣíṣe amí òṣìṣẹ́ ni èyí. Rárá o! Ọ̀tọ̀ ni kíkà, ọ̀tọ̀ ni yíyọjú wo lẹ́tà ẹlòmíràn. Orúkọ ètò, ẹ̀dà rẹ̀, ọjọ́ tí a ṣí i kẹ́yìn: ìyẹn tó. Kí ọ̀gá sì sọ ohun tí ó ń kà fún òṣìṣẹ́ ní gbangba. Èyí tí ó bá rékọjá ibẹ̀ ti di amí, èmi kò sì ní gbè é lẹ́yìn.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn gbogboogbò fún Windows 10 dúró. Mélòó nínú kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ yín ni ó ṣì ń lò ó? Bí ẹ kò bá lè dáhùn kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ẹ mú bírò àti ìwé, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà.