Ọ̀rá Ọjà Wa: Ta Ni Yóò Kó O?



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ ká sọ ọ́. Ọ̀rá dúdú, ọ̀rá funfun, èyí tí a ń pè ní sáṣẹ̀, ti fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wa. Òfin sì wà lórí rẹ̀. Òfin 2017-39 ni, ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2017 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Ó ní ní gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ọ̀rá tí kì í jẹrà, kò gbọdọ̀ kó o wọlé, kò gbọdọ̀ tà á, kò gbọdọ̀ lò ó. Ẹ wá lọ ra ata lọ́jà wa. Kí ni wọ́n fi dì í fún yín?

Bí a bá béèrè pé kí ló dé, èsì tí a máa ń gbọ́ ni pé: "Iṣẹ́ ìjọba ni. Ìjọba ló ṣòfin, kí ìjọba wá kó o." Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá tó dí gọ́tà wa, ṣé mínísítà ló wá jẹ àkàrà ní Sakété tó sọ ọ́ síbẹ̀? Ọwọ́ wa ni. Ọwọ́ mi, ọwọ́ rẹ, ọwọ́ ọmọ tí a rán níṣẹ́ tí a kò kọ́ ní ibi tó yẹ kó da ìdọ̀tí sí.

Ewé tí a fi pọ́n ẹ̀kọ, bí a bá sọ ọ́ sílẹ̀, ó di ilẹ̀. Ọ̀rá kì í di ilẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá ń roko létí ìlú mọ̀ ọ́n: ọkọ́ gbé ilẹ̀, ọ̀rá ni ó fà jáde. Omi òjò kò lè gba ibẹ̀ wọlẹ̀, gbòǹgbò àgbàdo kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ewúrẹ́ a gbé e mì nítorí iyọ̀ àti òórùn oúnjẹ tó wà lára rẹ̀. Ó di odidi sínú ikùn rẹ̀, kò lè jáde, ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í rù, a ó sì máa wá ẹni tó fi májèlé fún un. Bí òjò bá rọ̀, gọ́tà kún, omi dúró, ẹ̀fọn yé ẹyin sínú rẹ̀. Owó tí a kò fẹ́ ná lórí apẹ̀rẹ̀, a ó ná an lórí oògùn ibà. Àwọn kan ní àwọn ń sun ún. Èéfín rẹ̀ burú ju ọ̀rá fúnra rẹ̀ lọ, pàápàá fún ọmọdé tó dúró tì í.

Àwọn mìíràn sọ pé: "Tiwa kéré. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá òyìnbó ló ń ba ayé jẹ́." Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi tó jìnnà fún yín. Ìlú kan wà láàárín òkun, Palau ni wọ́n ń pè é. Gbogbo èèyàn ibẹ̀ kò tó 20 000. Kọmúùnù Sakété nìkan ju 100 000 lọ nínú ìkànìyàn ọdún 2013. Iyùn wà nínú òkun Palau. Kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọba ni mo ń sọ o. Ẹ̀dá abẹ̀mí kéékèèké ló ń kọ́ ọ, bí ikán ṣe ń mọ ògán. Ibẹ̀ ni ẹja ń sá sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń bímọ sí. Àwọn àlejò òyìnbó a máa fi ìpara para kí oòrùn má bàa jó wọn, wọn a sì wọ omi. Àwọn kẹ́míkà kan wà nínú ìpara náà tó lè pa iyùn lára. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020, Palau kò jẹ́ kí wọ́n ta irú ìpara bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní Hawaii, lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, òfin tó fara jọ ọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2021.

Àwọn onímọ̀ kan ní ìpara kéré, pé omi òkun tó ń gbóná ló ń pa iyùn jù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ará Palau kò lè lọ pa iná ilé iṣẹ́ tó wà lókè òkun. Ìpara ni ọwọ́ wọn tó, òun ni wọ́n mú. Ọwọ́ tiwa kò ha tó ọ̀rá bí?

Ẹ má sọ pé àwa kò mọ òfin í pa mọ́. A ní igbó orò. Ta ní ń ṣọ́ ọ? Kò sí sójà níbẹ̀, kò sí ọlọ́pàá. Síbẹ̀ ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe kì í gé igi níbẹ̀. Èèwọ̀ ni, tiwa sì ni. Ìjọba pàápàá rí i pé ó dára: ní ọdún 2012 wọ́n fi ìwé àṣẹ mọ irú igbó bẹ́ẹ̀, pé kí àwọn tó ni ín máa tọ́jú rẹ̀. Òfin ọ̀rá kò di èèwọ̀ nítorí pé òfin Kútọnu ni a ń pè é. Ní Rwanda, wọ́n fòfin de ọ̀rá láti ọdún 2008, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ àlejò ní pápákọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kọ́ ló ṣe é. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, tilé toko ní ń jáde tún àdúgbò ṣe. Àwa náà mọ ọ̀wẹ̀. Baba wa fi ọ̀wẹ̀ kọ́lé, wọ́n fi ọ̀wẹ̀ roko.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo gbà pé òótọ́ ni. Ìyá alákàrà á ní, "Bí mo bá sọ ọ̀rá nù, kí ni n ó fi dì í? Oníbàárà á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn." Kò purọ́. Nítorí náà, kò tọ́ kí òfin bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, kí a máa gba ọ̀rá mẹ́wàá lọ́wọ́ obìnrin tó jókòó sórí àpótí, kí ẹni tó ń kó ọ̀rá wọlé ní ìdì ìdì sì máa kọjá lọ. Ẹnubodè Nàìjíríà kò jìnnà sí wa. Ọ̀rá kò ní ẹsẹ̀. Ẹnì kan ló ń gbé e wá. Gbogbo ọjà mọ ibi tí wọ́n ti ń rà á.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí mẹ́rì má gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ewé gbódó, ewé eeran àti ewé tíìkì, kí ewé lè pọ̀ lọ́jà bíi ti àtijọ́. Kí àwọn ìyálọ́jà dá ọjọ́, kí gbogbo wọn fi ọ̀rá sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí oníbàárà má lè sá láti ọ̀dọ̀ ìkan lọ sọ́dọ̀ èkejì. Kí àwa tó ń rajà gbé agbọ̀n tàbí igbá láti ilé. Bí ìpàdé ọjà bá pé, ẹ dìde, kí ẹ béèrè lójú gbogbo èèyàn pé: ta ló ń kó ọ̀rá wá tà fún wa, ìgbà wo ni yóò sì dẹ́kun?