Lateef Jákàńdè: Ọmọ Èkó ni àbí ọmọ Ọ̀mù-Àrán?

Títí dòní, àwọn èèyàn ò yé jà lórí ta ni ọmọ Èkó, ta ni kì í ṣe ọmọ Èkó. Bí wọ́n ṣe ń fà á nínú dáńfó ni wọ́n ń fà á nídìí ayò. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀, kó kàn bi wọ́n pé: ọmọ ibo ni Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè?

Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ní erékùṣù Èkó, ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 23, oṣù keje, 1929. Ṣùgbọ́n Ọ̀mù-Àrán, ní Kwara, làwọn òbí ẹ̀ ti wá. Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó gan-an ńkọ́? Àwọn tó ti Ẹ̀pẹ́ dé ló tẹ̀ ẹ́ dó, ìyẹn àwọn èèyàn Ọba Kòsọ́kọ́ tó padà wálé lẹ́yìn tí òyìnbó gba Èkó lọ́dún 1861.

Ọmọ náà ò pẹ́ ní iléèwé Ẹnu-Ọ̀wá tó fi bọ́ sí Port Harcourt. Láti 1934 dé 1943 ló fi kàwé lọ́dọ̀ àwọn Mẹ́tọ́díìsì níbẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa o: ọmọ tó ń jẹ́ Lateef láàárín àwọn Mẹ́tọ́díìsì, ọmọ Yorùbá ní ìlú tí wọn kì í ti í sọ Yorùbá, láti nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún! Kò sẹ́ni tó tún ní láti kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ohun tí ojú àjòjì ń rí.

Ó padà sí Èkó ní 1943, ó wọ King’s College. Nígbà tó di 1945, ó ti wà ní Ilesha Grammar School. Ibẹ̀ niṣẹ́ tó máa ṣe láyé ti fojú hàn, torí òun ni olóòtú ìwé ìròyìn wọn, Quarterly Mirror. Ní 1949, ó gba iṣẹ́ ní Daily Service. Ní 1953, ó lọ sí Tribune lọ́dọ̀ Awólọ́wọ̀, nígbà tó sì fi di 1956, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, wọ́n ti fi í jẹ ọ̀gá àwọn olóòtú. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n ń pè é ní Bàbá Kékeré.

Nígbà tó di gómìnà ní 1979, òwúrọ̀ làwọn ọmọ kan ń lọ síléèwé l’Ékòó, ọ̀sán làwọn kan ń lọ. Ó fòpin sí i. Wọ́n ní kíláàsì tó sáré kọ́ dà bí ilé adìẹ. Ó dáa, inú ilé adìẹ ọ̀hún náà lọmọ aláta àti ọmọ dírẹ́bà ti kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá dé Jákàńdè Ìsọlọ̀, ẹ bi wọ́n pé ọmọ ibo ni wọ́n: Ìjẹ̀bú ni, Èkìtì ni, Ìgbò ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì dárí ẹ̀ jì í ni ti Abacha. Ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó tí wọ́n bí i sí yìí náà ni Abíọ́lá ti kéde ara ẹ̀ ní ààrẹ lóṣù kẹfà, 1994. Mínísítà Abacha ni Jákàńdè nígbà yẹn.

Ọjọ́ 11, oṣù kejì, 2021 ló kú, lẹ́ni ọdún 91. Ìkòyí ni wọ́n sin ín sí, wọn ò gbé e lọ sí Ọ̀mù-Àrán.