Ike Ajẹrà: Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí kan gbogbo ẹni tí ń wá orúkọ fún ike tuntun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń fi ewéko òkun ṣe. Orúkọ tí ó yá lẹ́nu jù lọ ni “ike ewéko”. Ṣùgbọ́n orúkọ náà kò tó, ó sì lè ṣi ará ọjà lọ́nà.

Nínú ewéko òkun tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú ni èròjà kan wà tí ń yọ̀ bí ilá, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ álígínéètì. E. C. C. Stanford ni ó kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1881. Bí álígínéètì bá pàdé kálísíọ̀mù nínú omi, yóò dì, yóò sì di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Irú awọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi di ohun mímu fún àwọn sárésáré eré ìje ọlọ́nà jíjìn ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní ọdún 2019. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè gbé e mì. Láti ọdún 2011 sì ni ewéko òkun ti ń ya wọ etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí ó ń jẹrà lásán níbẹ̀.

Ìkirè àti Àpòmù kò ní òkun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n jù, tí ẹlòmíràn ìbá dà nù, ni wọ́n fi ń ṣe dòdò Ìkirè: wọn a gún un pẹ̀lú ata àti iyọ̀, wọn a sì fi epo pupa dín in. Ẹ̀kọ́ ìlò-láìṣòfò gan-an nìyẹn. Ewé ni wọ́n fi ń pọ́n oúnjẹ láyé àtijọ́, ewé a sì padà di ilẹ̀. Ọ̀rá ni ó gba ipò ewé lónìí. Bí oníṣòwò kan bá gbé ọ̀rá dé ọjà Àpòmù, tí ó ní “ike ewéko” ni, ìyálọ́jà yóò gbà pé yóò jẹrà bí ewé. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀.

Ní Brazil, láti ọdún 2010, wọ́n ń fi ìrèké ṣe pọlítíìnì. Ewéko ni orísun rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yàtọ̀ sí ti epo rọ̀bì: kì í jẹrà. PLA, tí wọ́n ń fi ṣúgà àgbàdo ṣe, ń jẹrà nínú ààtàn tí ooru rẹ̀ tó nǹkan bí 60°C. Bí ó bá bọ́ sínú gọ́tà, ọdún gbọọrọ ni yóò lò níbẹ̀. PBAT, ẹ̀wẹ̀, inú epo rọ̀bì ni ó ti wá, síbẹ̀ ó ń jẹrà. Ẹ̀yà mìíràn sì wà tí oòrùn kàn ń rún wómúwómú. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin dè é ní ọdún 2021.

Nítorí náà, orúkọ mẹ́ta ni ó yẹ. Kí “ike ewéko” máa sọ orísun nìkan. Kí “ike ajẹrà” jẹ́ ti èyí tí kòkòrò àìfojúrí lè jẹ tán, tí yóò fi di omi, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀. Kí a sì fi ibi tí ó ti ń jẹrà kún un: ajẹrà inú ilẹ̀, ajẹrà inú omi, ajẹrà inú ààtàn gbígbóná. Kí “ike arún” jẹ́ ti èyí tí ń fọ́ láìjẹrà. Ike tí a fi álígínéètì nìkan ṣe yẹ fún orúkọ méjì àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ti po ike tí kì í jẹrà mọ́ ọn, ó ti pàdánù èkejì.

Àwọn kan lè ní orúkọ wọ̀nyí ti pọ̀ jù fún ará ọjà. Ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ láàrin ewé éèran àti ewé gbòdògì kò ní ṣàìmọ ìyàtọ̀ láàrin ajẹrà àti arún. Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de àwo fóòmù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Bí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá dé ìlú mìíràn, orúkọ tí a kọ sára ọjà ni ìyálọ́jà yóò fi mọ ohun tí ó ń rà, orí oko rẹ̀ sì ni ọ̀rá tí kò jẹrà yóò padà sí.