Ère Ọ̀yẹ́-Èkìtì Kì í Ṣe Òrìṣà

Nínú yàrá àlejò ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì ní Ìkàrẹ́ Àkókó àti ní Ọ̀kà, àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn wà lára ògiri. Bí ẹ bá bi onílé, yóò ní bí Jésù ṣe jókòó gan-an nìyẹn. Ẹ wá gbé Màríà tí a fi igi gbẹ́ fún un, èyí tó wé gèlè tó sì gbé Ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kíá ni yóò ní òrìṣà ni. Èrò yìí kò tọ́.

Leonardo da Vinci, ọmọ Ìtálì, ló ya àwòrán náà sára ògiri ilé ìjẹun àwọn ẹlẹ́sìn Dominic ní ìlú Milan, láàárín 1495 sí 1498. Ìhìnrere Jòhánù orí 13 sọ pé ọmọ ẹ̀yìn kan rọ̀gún sí àyà Jésù nídìí oúnjẹ, nítorí pé ṣe ni wọ́n ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ jẹun níbi àsè láyé ìgbà náà. Leonardo kò yà á bẹ́ẹ̀. Tábìlì gíga ló gbé kalẹ̀, ó tẹ́ aṣọ funfun lé e bíi ti àwọn ẹlẹ́sìn tó ń jẹun níbẹ̀, ó sì kó gbogbo wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan kí a lè rí ojú wọn. Búrẹ́dì tó wú ló fi síwájú wọn, bẹ́ẹ̀ Mátíù, Máàkù àti Lúùkù ní àsìkò àjọ̀dún àkàrà àìwú ni.

Ǹjẹ́ irọ́ ló pa? Rárá o. Ìtumọ̀ ló ṣe. Ìgbà tí Jésù sọ pé ọ̀kan nínú wọn yóò fi òun hàn ló yàn: Júdásì di àpò owó mú, Pétérù mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, jìnnìjìnnì bo àwọn yòókù. Ìpayà yẹn ni ọ̀rọ̀ àwòrán náà, kì í ṣe àwọ̀ ara wọn.

Bí Leonardo bá lè gbé Jésù lọ sí Milan, kí ló dé tí agbẹ́gilére Yorùbá kò fi lè gbé e wá sí Èkìtì? Ní 1947, Ìjọ Kátólíìkì dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí kò jìnnà sí wa níbí. Fáda Kevin Carroll wà lára àwọn tó darí rẹ̀. Níbẹ̀ ni George Bándélé, ọmọ gbajúgbajà agbẹ́gilére Àreògún, ti gbẹ́ ìtàn ìbí Jésù, tí àwọn tó wá láti ìlà-oòrùn sì múra bí ọba Yorùbá. Níbẹ̀ náà ni Lámidi Fákẹ́yẹ, Mùsùlùmí ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé.

Àwọn kan á ka Ẹ́kísódù orí 20 fún wa, níbi tí Ọlọ́run ti kọ ère fífín. Ẹ kà á dópin: kì í ṣe ère nìkan ló dárúkọ, ó mẹ́nu ba àwòrán pẹ̀lú. Bí a óò bá fi ẹsẹ náà lé ère igi jáde, kálẹ́ńdà ara ògiri ni kó ṣíwájú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé títẹríba fún un ni ẹ̀ṣẹ̀, kò sẹ́ni tó ń tẹríba fún èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ọmọ tó bá dàgbà pẹ̀lú èrò pé Jésù kò lè wọ agbádá, yóò gbà pé ilé baba òun kò yẹ fún Ọlọ́run. Ẹ̀yin àlùfáà àti ìgbìmọ̀ ìjọ ní Àkókó, bí ẹ bá fẹ́ ṣe ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì tuntun, ẹ pe agbẹ́gilére, kí iṣẹ́ yìí má bàa kú mọ́ àwọn àgbà lọ́wọ́.