Ẹ Má Gba Yorùbá Lẹ́nu Ọmọ Tí Kò Tíì Sọ̀rọ̀

Ìmọ̀ràn kan ti gbilẹ̀ láàárín wa tó yẹ ká dìde sí. Bí ọmọ bá pé ọdún mẹ́ta tí kò tíì sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀, olùkọ́ á pe ìyá rẹ̀ sí kọ̀rọ̀: "Mọ́mì, èdè méjì ló ń da ọmọ yìí láàmú. Ẹ má sọ Yorùbá sí i mọ́. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kẹ́ ẹ máa sọ." Nígbà mìíràn, dókítà gan-an ló ń sọ ọ́.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Àwọn tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ọmọdé, àwọn tí à ń pè ní speech therapist, ti wádìí èyí káàkiri ayé. Èdè méjì kì í di ọmọ lẹ́nu. Ọmọ tó bá ní ìṣòro á ní in nínú èdè méjèèjì. Ẹ mú ọ̀kan kúrò, ìṣòro ṣì wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọmọ náà kò gbọ́ràn dáadáa, bóyá nítorí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tó le tó ṣe é ní ìkókó, tàbí etí tó ń ṣọyún. Ó lè jẹ́ ọ́tíìsìmù. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ fi máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí ọmọ wò.

Ẹ wá wo ohun tí ìmọ̀ràn yẹn ń ṣe. Ìyá tó ń ta èlùbọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ju "come" àti "sit down" lọ, ni wọ́n ní kó máa fi Gẹ̀ẹ́sì bá ọmọ sọ̀rọ̀. Kí ló fẹ́ sọ? Yóò dákẹ́ ni. Oríkì dópin, àlọ́ ìyá àgbà dópin. Ọmọ tó nílò ọ̀rọ̀ jù lọ nínú ilé la wá fi ọ̀rọ̀ dù.

Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ náà tún ní àléébù tirẹ̀. Púpọ̀ nínú ìwé tí wọ́n ń lò, ọmọ Amẹ́ríkà àti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe é fún. Ọmọ Òṣogbo tó pe "zip" ní "sípù" kò ṣàṣìṣe kankan. Yorùbá kò ní z. Síbẹ̀, wọ́n lè kà á sí àṣìṣe fún un. Ohun tó yẹ ká yẹ̀ wò gan-an kò sí nínú ìwé wọn: ṣé ọmọ náà lè fi ohùn ya igbá, igba àti ìgbà sọ́tọ̀? Ṣé "gba" ló ń wí àbí "ba"? Ṣé ó mọ̀ pé "mo lọ" yàtọ̀ sí "mo ń lọ"?

Ẹnì kan á ní, "Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣèdánwò o, ọmọ á rẹ̀yìn." Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Òótọ́ ni pé kì í ṣe ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ni wọ́n kó jọ, ṣùgbọ́n ó hàn pé Yorùbá kì í dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ kàn wá. Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ yìí. Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá àti Linguistics ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀melòó la máa kọ pùrójẹ́ẹ̀tì lórí òwe inú ìwé ìtàn? Ẹ jẹ́ kí díẹ̀ nínú wa lọ gba ohùn ọmọ ọdún méjì sílẹ̀, ká kọ irú gbólóhùn tó ń sọ àti ohùn tó kọ́kọ́ mọ̀. Láìsí èyí, kò sí bí a ṣe fẹ́ ní àyẹ̀wò tó bá ọmọ wa mu.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, tẹ́ ẹ ti ń bímọ: bí ọmọ bá pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ẹ má dúró títí ahọ́n rẹ̀ á fi tú fúnra rẹ̀. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò etí, ẹ wá oníṣẹ́. Èdè tó yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu ni kẹ́ ẹ sì máa bá a sọ títí tí yóò fi dáhùn.