Ẹ Lọ Fọ Òpó Èéfín, Ẹ Fi Síílìn Wa Sílẹ̀

Òwò kan wà ní Amẹ́ríkà tó ti pẹ́ lọ́jà. Àwọn òṣìṣẹ́ a gbé ẹ̀rọ tó ń fa eruku wá sí ilé àtijọ́ ní ẹ̀yìn ìlú, wọn a ti ọ̀pá gígùn bọ inú àwọn ihò tí afẹ́fẹ́ tútù àti afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà kọjá lókè àjà, wọn a fa ìdọ̀tí ọdún gbọọrọ jáde, wọn a sì gba owó gidi lọ́wọ́ onílé. Ìlérí wọn ni pé ikọ́ yóò lọ, ikọ́ fée àwọn ọmọ yóò rọlẹ̀. Àmọ́ láti oṣù kẹwàá ọdún 1997 ni EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àyíká, ti tẹ ìwé pélébé jáde fún àwọn onílé pé kò tíì sí ẹ̀rí pé fífọ ihò afẹ́fẹ́ ń dènà àìsàn. Bí nǹkan dúdú tó máa ń hù níbi tó tutù bá hù síbẹ̀, bí eku bá sọ ibẹ̀ dilé, bí eruku bá dí i pa, kí wọ́n fọ̀ ọ́. Láìsí ìyẹn, kí onílé fi owó rẹ̀ sápò. Kò sí irú ihò bẹ́ẹ̀ nínú ilé tiwa ní Ọ̀tà. Àmọ́ èrò tó wà nídìí òwò náà ti dé ọ̀dọ̀ wa, òun ni mo sì fẹ́ bá jà: pé bí afẹ́fẹ́ inú ilé bá dọ̀tí, ẹ̀bi ilé ni, onílé ni kó ra ojútùú. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń wúkọ́ lóru ní Sàngó-Ọ̀tà, wọn a ní kó pe ẹni tí yóò fọ ẹ̀rọ amúlétutù, kó tún síílìn kùn, kó ra ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń polówó. Mo ní irọ́ ni. Orí òpó èéfín ilé iṣẹ́ ni a ti ń fọ afẹ́fẹ́ Ọ̀tà mọ́, ọwọ́ ẹni tó ń tú èéfín sílẹ̀ sì ni owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti jáde.

Ẹ wo bí a ṣe kọ́ àwọn ilé náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé àtijọ́ ní Sàngó, ní Ìjókò, ní Ìyànà-Ìlògbò àti lójú ọ̀nà Ìdírókò, búlọ́ọ̀kù ni, fèrèsé lúfà, páànù lórí, síílìn lábẹ́ páànù. Ooru ló kọ́ àwọn baálé ilé láti kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, kí atẹ́gùn lè máa wọlé kó sì máa jáde tọ̀sán-tòru. Ẹni tó bá ti lúfà rẹ̀ pa lóru tí NEPA mú iná lọ, kò ní í sùn. Nítorí náà afẹ́fẹ́ inú yàrá àti ti ìta, ọ̀kan náà ni wọ́n. Kí àwọn tó wá fọ síílìn tó kó irinṣẹ́ wọn jáde ni ti ìta yóò ti gba ipò ti inú. Ẹ̀rọ amúlétutù tí a ń so mọ́ ògiri kò yí èyí padà. Afẹ́fẹ́ yàrá náà ló ń yí po, asẹ́ pẹlẹbẹ tó wà nínú rẹ̀ sì wà fún eruku tí ojú lè rí. Eruku tó ń lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró kì í ṣe èyí tí ojú ń rí. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní PM2.5, ìbú rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú ọgbọ̀n ìbú irun orí lọ. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ìwọ̀n rẹ̀ má ṣe ju máíkírógíráàmù 5 lọ nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan, bí a bá pín ti gbogbo ọdún. Ìwádìí Báǹkì Àgbáyé tó jáde ní ọdún 2020 rí nǹkan bíi 68 ní Èkó. Ìwádìí yẹn náà ló ṣírò rẹ̀ pé afẹ́fẹ́ burúkú pa bíi ènìyàn 11,200 láìtọ́jọ́ ní Èkó ní ọdún 2018, tí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì pọ̀ jù nínú wọn. Ó dárúkọ àwọn tó fà á: ọkọ̀, ilé iṣẹ́, jẹnẹrétọ̀. Kò dárúkọ síílìn. Atẹ́gùn kì í sì í san owó ibodè láàárín Èkó àti Ọ̀tà.

Ohun tó ń jáde lára òpó èéfín yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì, kò sì yẹ kí a da gbogbo wọn pọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bisikíìtì kì í ṣe ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin. Àlòkù irin tí àwọn oníkóńdẹ́mù ń kó wá kì í ṣe irin lásán: ọ̀dà wà lára rẹ̀, ọ́ìlì wà lára rẹ̀, síńkì wà lára páànù àtijọ́. Bí wọ́n bá kó o sínú iná, irin a yọ́, ìyókù a gba òkè lọ. Lóru, nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ kì í lè gòkè. Èéfín a tẹ́ sórí òrùlé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Èyí tó burú jù lọ ni ti bátìrì ọkọ̀, tí wọ́n ń fọ́ tí wọ́n sì ń yọ́ láti gba òjé inú rẹ̀. Òjé kò ní ìwọ̀n kankan tí a lè sọ pé kò léwu fún ọmọdé. Ọpọlọ ló ń bá jà, ohun tó bá sì gbà lọ níbẹ̀ kì í dá a padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ilé ìròyìn The Examination àti The New York Times gbé ìwádìí jáde lórí Ògìjo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níhìn-ín, níbi tí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 70 wò. Méje nínú mẹ́wàá ló ní òjé lára tó ìwọ̀n tó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé Ògìjo kì í ṣe Ọ̀tà sọ òótọ́. Àmọ́ òfin kan náà ló ń ṣọ́ ìlú méjèèjì, àwọn olùṣọ́ kan náà ni, ohun tí wọn kò rí lọ́hùn-ún kò sì fọkàn ẹni balẹ̀ pé wọ́n ń rí i níhìn-ín.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọ́jú ilé rẹ̀. Ní ti òjé pàápàá, ìmọ́tótó kan wà tó níye lórí, kò sì ná ni ju omi àti àkísà lọ: kí a máa fi àkísà tútù nu ilẹ̀ dípò ìgbálẹ̀ gbígbẹ tó ń gbé eruku dìde, kí a bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, kí ọmọ fọwọ́ kó tó jẹun, kí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ má ṣe wọ aṣọ iṣẹ́ wọlé bá àwọn ọmọ. Ìyá tó ń ṣe gbogbo èyí ń dín ewu kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ bá tún tú èéfín lálẹ́ òní, ohun tó nù lówùúrọ̀ yóò ti padà kí ó tó jí. Ẹni tó ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ láìdí ihò tó ń jò, iṣẹ́ ló ń ṣe o, ọkọ̀ náà ń rì síbẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ọyẹ́ ńkọ́? Lóòótọ́, láti bí oṣù kọkànlá, eruku aṣálẹ̀ a ti ìhà Chad fẹ́ wá, a bo gbogbo nǹkan, kò sì sí òfin tó lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ní ìgbà tó ń wá àti ìgbà tó ń lọ. Òpó èéfín kì í gba ìsinmi nígbà òjò. Ọyẹ́ kì í sì í gbé òjé bátìrì dání. Àtakò tó lágbára ju èyí lọ ni ti ilé ìdáná: pé èédú, igi àti jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́nu fèrèsé ń pa wá ju ilé iṣẹ́ lọ. Mo gbà pé èéfín ìdáná ń pa ènìyàn, àwọn obìnrin àti ọmọ tó wà lẹ́yìn wọn ló sì ń pa jù. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi èédú sè nítorí pé ó wù ú? Iye tí gáàsì ń ná ló lé wọn síbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ náà, àìsí iná ló bí i. Ìyàtọ̀ tún wà láàárín èéfín tí mo fi se oúnjẹ ara mi àti èyí tí ẹlòmíràn fi pa owó tó sì kó sí mi lọ́fun. Èkejì yìí ní orúkọ nínú òfin.

Wọ́n á tún ní ilé iṣẹ́ ni ẹ bá níbẹ̀, ta ló ní kí ẹ wá kọ́lé tì wọ́n? Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí àwọn tí kì í gbé ibẹ̀. Àwọn Àwórì ti wà ní Ọ̀tà láti ayébáyé, Ọlọ́ta ti ń jọba kí ẹnikẹ́ni tó ronú òpó èéfín. Àwọn tó dé lẹ́yìn, owó ilé Èkó tó ga ló lé wọn sọdá, iṣẹ́ tó wà nínú àwọn ilé iṣẹ́ yìí ló sì pe ọ̀pọ̀ wọn. Ìjọba tó fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ ilé iṣẹ́ ló fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ àwọn onílé. Kódà ká ní onílé ló dé kẹ́yìn, ta ló sọ fún wa pé ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ni afẹ́fẹ́?

Ti iṣẹ́ ló ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn jù. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, wọ́n á ní, bí ẹ bá ti ilé iṣẹ́ pa, ebi yóò pa ìlú. Ta ló dárúkọ bíbẹ́ orí? Asẹ́ ni mo ní kí wọ́n fi sí òpó èéfín, ó sì ti wà láti ọjọ́ pípẹ́: àpò asẹ́ gígùngígùn tí a ń so sínú ilé irin kan ṣáájú òpó èéfín, tí fáànù ńlá ń fa èéfín gbà inú wọn kọjá. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó ń mú ju ìdá mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún eruku. Ìṣòro rẹ̀ ni pé fáànù ń jẹ iná, àpò ń gbó, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi kọ́bọ̀ kan kún èrè. Nítorí náà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń wò, pípa ló rọrùn jù. Òfin wa sì mú kó rọrùn sí i. Òfin tó dá NESREA, àjọ tó ń ṣọ́ òfin àyíká ní Nàìjíríà, sílẹ̀ ní ọdún 2007 ní ilé iṣẹ́ tó bá ba afẹ́fẹ́ jẹ́ yóò san owó ìtanràn tí kò ju mílíọ̀nù 2 náírà lọ, àti 50,000 náírà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá fi ń tẹ̀ síwájú. Ẹ wo ohun tí náírà ti dà láti ọdún 2007. Ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin lè san 50,000 lójúmọ́ kí ọ̀gá àgbà rẹ̀ má tilẹ̀ gbọ́. Ó lè jẹ́ pé iná tí fáànù asẹ́ ń jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irú owó yẹn kì í ṣe ìtanràn mọ́, owó ìwé àṣẹ láti máa ba àyíká jẹ́ ni. Ilé iṣẹ́ tí ìjọba bá sì tì pa nígbà tí àríwo bá pọ̀, wọ́n á tún ṣí i nígbà tí àríwo bá rọlẹ̀, àwa ará ìta kò sì ní í rí ìwé kankan tó sọ ohun tó yí padà.

Àwọn ibòmíràn ti la èyí kọjá. Ní Thiaroye-sur-Mer lẹ́bàá Dakar, ọmọdé 18 ló kú láàárín ọdún 2007 sí 2008 nítorí òjé bátìrì. Ní Owino Uhuru ní Mombasa, ilé iṣẹ́ òjé kan ṣe àwọn ará àdúgbò bí ọṣẹ ṣe ń ṣe ojú. Phyllis Omido, tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, kó wọn jọ lọ sílé ẹjọ́. Ní ọdún 2020, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san bílíọ̀nù 1.3 owó ṣílè Kẹ́ńyà fún àwọn ará àdúgbò náà, ìjọba wà lára àwọn tí yóò san án, torí pé ó fọwọ́ lẹ́rán wò. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ dúró ti ìdájọ́ náà. Àwa náà ní ilẹ̀kùn. Abala ogún ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abala mìíràn nínú ìwé kan náà ní a ò lè fi í pe ẹjọ́. Ní ọdún 2018, nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ Centre for Oil Pollution Watch pe NNPC, ilé iṣẹ́ epo ìjọba, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tiwa gbà pé ẹgbẹ́ tí kò fara gbá jàǹbá náà fúnra rẹ̀ lè pe ẹjọ́ lórí àyíká. Ẹgbẹ́ onílé ní Ọ̀tà tó ń dá owó jọ láti ra tiransifọ́mà lè dá owó lọ́yà.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n béèrè kò pọ̀. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn gbé ẹ̀rọ tó ń wọn eruku afẹ́fẹ́ sí ọgbà àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó yí àwọn ilé iṣẹ́ ká, kí ohun tó bá kà hàn sí gbogbo ayé lójoojúmọ́. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tó ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé wò lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ìtanràn di ìdá kan nínú iye tí ilé iṣẹ́ pa lọ́dún. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní àwọn ilé iṣẹ́ yóò kó lọ sí Kùtọnu, ẹ bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ kó lọ: àlòkù irin Èkó, bátìrì Èkó, àbí àwọn oníbàárà Èkó? Òjé Ògìjo náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe bátìrì ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí ọdún 2025 yẹn ṣe sọ. Oníbàárà tó lè yẹ òjé wò kó tó rà á, láti mọ̀ bóyá ó mọ́, lè yẹ òpó èéfín ibi tí òjé náà ti wá wò pẹ̀lú.